Bí a ṣe pààrọ̀ páìpù bíréèkì Hilux àtijọ́ mi ní Iléṣà

Toyota Hilux àtijọ́ ni mo fi ń kó kòkó àti pákó láti agbègbè Ìfẹ̀wàrà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wọ Iléṣà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ lẹ́nu mi ni pé páìpù bíréèkì tó bá ti jò kò ṣeé lẹ̀, kò ṣeé jó, kò sì ṣeé dí pa. Pípààrọ̀ ni a ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Mo ti kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, pákó kún ẹ̀yìn ọkọ̀, mo sì tẹ bíréèkì níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, àfi bí ẹsẹ̀ mi ṣe rì wọlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí iná pupa bíréèkì sì tàn níwájú mi. Bíréèkì iwájú ṣì ń mú, nítorí pé ọ̀nà méjì ni máàsítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti òróró bíréèkì lọ sí táyà nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, pín òróró sí, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí ọ̀kan má baà kó bá èkejì. Mo dá jíà padà sí méjì, mo sì ń rọra fa háńdì bíréèkì, tí ó jẹ́ pé wáyà ló ń fà á, tí kò nílò òróró, títí ọkọ̀ fi dúró níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Ẹni tó kọ́kọ́ wo ọkọ̀ náà lẹ́bàá ọ̀nà ní kí n jẹ́ kí òun fi idẹ jó ojú ibi tó jò. Mo kọ̀, mo sì ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì tí mo mọ̀ ní Iléṣà. Nígbà tí bàbá wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n rí i pé páìpù gígùn tó ń lọ sẹ́yìn ló bẹ́, wọ́n sì tún rí i pé ẹnìkan, kí n tó ra ọkọ̀ náà, ti ṣẹ́ páìpù táyà ẹ̀yìn apá òsì po, tí ó sì fi òòlù lù ú pa kí òróró má baà dé ibẹ̀. Bàbá ní, “Ọmọ mi, èyí tó bẹ́ yìí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, èyí tí wọ́n dí pa yìí ni.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, nítorí pé bí táyà ẹ̀yìn kan bá ń mú tí èkejì kò mú, ọkọ̀ tó ru ẹrù lè yí ìdí síta lójijì nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé agbára òróró inú páìpù yìí máa ń ju 1,000 psi (ìwọ̀n bí òróró tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó) lọ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì gidigidi, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà kọjá nǹkan bí 35 psi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ronú àtifi idẹ jó o, tàbí nọ́ọ̀tì ìsopọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ omi-ẹ̀rọ ń lò, fi ìyẹn sọ́kàn.

Bàbá gbé ọkọ̀ náà lé orí ẹsẹ̀ irin, wọ́n sì fi igi dí táyà iwájú. Wọn kì í lo búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé, nítorí pé ó lè fọ́ lójijì kí ọkọ̀ sì wó lu ẹni tó wà lábẹ́. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha nọ́ọ̀tì, wọ́n da òróró tó ń tú ìpẹtà sí i, wọ́n sì jẹ́ kó sùn mọ́jú. Sípánà 10 tó di nọ́ọ̀tì mú yíká ni wọ́n fi tú u, kì í ṣe èyí tó la ẹnu gbàgbà, tó máa ń jẹ etí nọ́ọ̀tì. Nígbà tí páìpù náà jáde, mo fi ìka méjì tẹ ibi tí kílíìpù ti dì í mọ́ ṣásí, ìyẹn egungun irin abẹ́ ọkọ̀, tí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ti há sí tipẹ́tipẹ́, ó sì rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìpékeré. Níbi tí páìpù kan náà ti wà ní gbangba, ọ̀dà ṣì ń dán lára rẹ̀.

Ẹnìkan fẹ́ tà wá ní páìpù bàbà tí wọ́n ń lò fún fíríìjì, a kò gbà, nítorí pé bàbà lásán máa ń le sí i bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, a sì máa sán. Irin 3/16 íńṣì, tí í ṣe nǹkan bí 4.75 mm, ni a rà. Bàbá fi páìpù àtijọ́ ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n tẹ tuntun láìjẹ́ kó ṣẹ́ níbì kankan, wọ́n sì ti nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tẹ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ ẹnu náà, síta, kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ padà sínú, kó lè nípọn; èyí ni Toyota ń lò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ló ń lo ẹnu tó wú roboto, ọ̀kan kò sì lè dípò èkejì. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn gba inú páìpù kọjá kí èérí irin má baà wọ inú sílíńdà, ọwọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé.

DOT 3, tí í ṣe irú òróró bíréèkì kan, ni wọ́n kọ sára ìdérí máàsítà mi, òun ni a sì dà sí i, láti inú agolo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Tuntun rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi mọ́ra, èyí tó bá sì ti fa omi lè hó ní 140°C. Mo tẹ bíréèkì, bàbá ń tú atẹ́gùn: ẹ̀yìn apá ọ̀tún tó jìnnà jù sí máàsítà ni a fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn apá òsì, iwájú apá ọ̀tún, kí a tó kan iwájú apá òsì. A kò gbàgbé fáàfù ẹ̀yìn tó ń wọn ẹrù, tí atẹ́gùn máa ń sá pamọ́ sí.

Lẹ́yìn náà, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, mo sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, bàbá sì ń fi tíṣù funfun nu ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó gbẹ. Pápá tó tẹ́jú ni a ti kọ́kọ́ dán ọkọ̀ wò kí ó tó gun òkè kankan.

Páìpù iwájú àti rọ́bà rẹ̀ ni ó kù, mo sì fẹ́ ṣe wọ́n kí òjò tó tún dé. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí wọ́n ń ta ojúlówó páìpù bàbà tí a po mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, èyí tí kì í dípẹtà, ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.