Broadband: ṣé eré rẹ̀ la ó fi sọ ọ́ lórúkọ, àbí fífẹ̀ rẹ̀?

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe broadband, ìyẹn ayélujára tó ń yára, tó sì ń gba ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní «ayélujára ayárabíàṣá» ní Yorùbá, kí á sì máa pe regulation, ìyẹn bí àjọ ìjọba ṣe ń fi òfin tọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ sọ́nà, ní «ìṣàkóso». Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ta ko méjèèjì.

Kọ̀ǹpútà ló ti ni oríkì àṣá yẹn tipẹ́. Bí a bá tún gbé e fún ayélujára, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kà á kò ní mọ èyí tí à ń wí. Èyí tó tún le jù ni pé eré kì í dúró lójú kan. Nínú ètò tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 2013, mẹ́gábíìtì 1.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni eré tó kéré jù. Ètò ti 2020 fẹ́ kó dé 25 ní ìgboro àti 10 ní ìgbèríko. Ní Amẹ́ríkà, FCC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, sọ 25 di 100 ní 2024, bẹ́ẹ̀ 10 péré ni onílé lè fi òfin béèrè ní Ìlú Ọba láti 2020. Èwo nínú wọn wá ni àṣá?

«Ayélujára ọ̀nà-gbòòrò» ló tẹ́ mi lọ́rùn. Bí bàbá bá ń wo bọ́ọ̀lù ní pálọ̀, tí ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá, tí ìyá sì ń bá àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lójúkojú, tí ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́, ọ̀nà ló fẹ̀. Àwọn kan tún ní kí á fi «oníwáyà» kún orúkọ náà. Ìlú Ọba ni wọ́n ń rò, níbi tí ẹ̀tọ́ tí òfin fúnni ti jẹ́ ti ilé, kì í ṣe ti fóònù. Síìmù inú fóònù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń rí tiwa nílé níbí.

Ní ti «ìṣàkóso», alákòóso ní í tukọ̀. NCC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, kì í fa wáyà, kì í ta káàdì. Ìwé-àṣẹ ló ń fúnni, ó sì ń fìyà jẹ ẹni tó bá rúfin, bí ó ti bu owó ìtanràn lé MTN ní 2015 nítorí mílíọ̀nù síìmù 5.1 tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò pé. «Ìfòfindarí» ni mo dábàá. Ó jọ «ìfòfindè» létí, mo gbà, asọ̀ròyìn tó bá ń sáré kà lè ṣì í pè. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó mú un wá.