Díìsìkì bíréèkì tó jẹ láàárín oṣù mẹ́jọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mò ń gbé, mo sì máa ń wa ọkọ̀ mi gba Pobẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ díìsìkì bíréèkì iwájú (irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí), ti ọwọ́ ọ̀tún ti jẹ débi pé etí rẹ̀ yọ sókè bí etí àwo nígbà tí mo fi ìka kàn án, bẹ́ẹ̀ ti òsì ṣì ń dán. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ díìsìkì, páàdì (èyí tó ń fún díìsìkì mú kí ọkọ̀ lè dúró) àti kálípà (èyí tó ń ti páàdì mọ́ díìsìkì) lọ́tùn-ún lósì, kò sì wọn ohunkóhun kó tó dá owó lé e, owó tí kì í ṣe kékeré.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ọ̀tún a máa gbóná ju ti òsì lọ bí mo bá dúró, èyí tó mú mi fura pé irin tí kálípà fi ń yọ̀ ló ti gan, tí páàdì kò fi kúrò lára díìsìkì mọ́. Mo gbà pé méjì-méjì ni a ń pààrọ̀ díìsìkì, ṣùgbọ́n ṣé kí n kọ́kọ́ ní kí wọ́n fọ irin náà, kí wọ́n fi gíríìsì tuntun sí i, tàbí kálípà ọ̀tún nìkan ni kí n rà?