«Afarapamọ́» kọ́: ìgbàgbọ́ ni wọ́n pa mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o.

Ọ̀gá wa tó kọ̀wé lánàá nípa àwọn Àgùdà ilẹ̀ Japan, àwọn tí ìjọba fòfin de ẹ̀sìn wọn ní 1614, pe Kakure Kirishitan ní «Onígbàgbọ́ Afarapamọ́», wọ́n sì pe ìsìn wọn ní «àdàmọ̀dì». Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn mí. Mo mọ̀ pé ìfarapamọ́ ló wà nínú kakure. «Fara» gan-an ni mo ń bá ṣẹjọ́.

Fi ara ni fara. Ẹni tó bá fara pamọ́, ara rẹ̀ ni ẹ ò ní rí: olè tó sá wọgbó, ọmọ tó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ẹgba. Àwọn èèyàn yìí ò sá fún ẹnikẹ́ni. Ní agbègbè Nagasaki, ní Sotome, ní Urakami, ní erékùṣù Ikitsuki àti Gotō, ojúmọmọ ni wọ́n ń roko tí wọ́n ń pẹja. Orúkọ wọn wà nínú ìwé tẹ́ńpìlì Búdà, torí dandan ni fún gbogbo ilé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tò síwájú ìjòyè ní Nagasaki láti fẹsẹ̀ tẹ fumi-e, àwòrán Jésù tàbí Màríà, kó lè hàn pé wọn kì í ṣe onígbàgbọ́. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á délé, wọ́n á gba àdúrà ìrònúpìwàdà tí wọ́n ń pè ní konchirisan. Ara ta ló wá fara sin níbẹ̀?

Apagbàgbọ́mọ́ ni kí á pè wọ́n. Pa àṣírí mọ́: kí ojú ẹlòmíì má tó o. Pa òfin mọ́: kó má bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí Tímótì pé òun ti pa ìgbàgbọ́ mọ́. Bíbò àti títọ́jú, «pa mọ́» gbé méjèèjì. «Afarapamọ́» mú bíbò, ó wá ju títọ́jú nù, bẹ́ẹ̀ títọ́jú ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jù. Ní 1644 ni wọ́n pa fadá tó kù sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bàbá ló ń kọ́ ọmọ, títí di March 17, 1865, tí àwọn ará Urakami wọ ṣọ́ọ̀ṣì Ōura tọ fadá Petitjean lọ, tí wọ́n sọ fún un pé ọkàn àwọn àti tirẹ̀ ò yàtọ̀, tí wọ́n sì béèrè ibi tí ère Màríà wà. Nígbà tí ìjọba jáwọ́ nínú òfin yẹn ní 1873, apá kan wọn ò tẹ̀ lé fadá rárá. Ohun tí bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n dì mú. Kò sóhun tí wọ́n ń sá fún mọ́ nígbà yẹn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń pa á mọ́.

Bí ẹnì kan bá ní «apa» ń dún bí apànìyàn, kó rántí àpamọ́wọ́. Ta ló gbọ́ ọ rí tó ro ikú?

Ní ti «àdàmọ̀dì», ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò. Tánganran funfun ni ère Kannon, ẹni àánú tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń bọ, tòun tọmọ lọ́wọ́. Ìjòyè wò ó, ó rí Kannon. Onílé kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó rí Màríà. Àwọn èèyàn wa ní Cuba náà gbé Ṣàngó sábẹ́ Santa Bárbara, ẹni mímọ́ àwọn Àgùdà. Ṣé ẹ lè pe tiwọn ní àdàmọ̀dì lójú wọn?

Àdúrà tí wọ́n ń pè ní orasho, Látìnì àti Potogí ló pọ̀ nínú ẹ̀, etí ni wọ́n fi gbà á. «O gloriosa» di «Guruyoza» ní Ikitsuki. Àgùdà ni ìyá mi àgbà, Látìnì ni wọ́n sì fi ń dáhùn lítánì: órà pírò nóbíìsì. Mo bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Wọ́n ní, «Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́.» Ẹ má ṣe bá mi túmọ̀ orasho sí ọfọ̀ tàbí ògèdè. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìtumọ̀ ti kó èèyàn sí wàhálà rí níbẹ̀. Fadá Francis Xavier gúnlẹ̀ sí Kagoshima ní Japan ní 1549, ó sì ń pe Ọlọ́run ní Dainichi. Ìgbà tó yé e pé orúkọ Búdà kan ni, ó jù ú sílẹ̀, ó mú Deus, «Ọlọ́run» ní Látìnì. Làwọn alátakò bá yí ìyẹn sí dai uso, irọ́ ńlá. Àwa náà rí i bí Bíbélì wa ṣe sọ Èṣù di ọ̀tá Ọlọ́run. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ìyẹn, kó kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Mizukata ni wọ́n ń pe bàbá tó ń da omi sọ́mọ lórí. Omi ni mizu. Ọ̀gá wa kọ «Arinibọmi». Rì ńkọ́? Wọn ò ri ọmọ kankan bọ omi. Abomilérí ló ń wá sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò tíì dùn mọ́ mi. Ẹ̀yin Àgùdà tẹ́ ẹ gbó ju mi lọ, kí ni àwọn bàbá yín ń pè é?