Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe GMAT, ìdánwò àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ okòwò (MBA), ṣé máàkì tẹ́ ẹ gbà bá yín dé inú kíláàsì?

Ọmọ Ìkòròdú:
Tèmi rèé. Odógúnyàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dún tí mo forúkọ sílẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí kàwé, torí ìgbà yẹn niná máa ń wà ládùúgbò wa. Apá ìṣirò ni mo bẹ̀rù jù: ìbéèrè 21 láàárín ìṣẹ́jú 45, kò sì sí ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́. Mo gba 645 nínú 805. Ìyá mi pe gbogbo ẹbí.

Ní sáà àkọ́kọ́, sítátísíìkì àti àkáǹtì, mo kàn ń fò wọ́n kọjá ni. Àfi ìgbà tó di sáà kejì, tí wọ́n ń fún wa ní ìtàn ilé iṣẹ́ kan ká lọ kà á, ká wá jiyàn lé e lórí. Olùkọ́ nawọ́ sí mi: "Tó bá jẹ́ ìwọ ni ọ̀gá wọn, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè?" Èmi tí mo ti ṣírò èrè wọn dé orí kọ́bọ̀! Ẹnu mi gbẹ. Àǹtí kan tó jókòó tì mí, tó ń ta ẹja oníyìnyín ní Ṣábọ̀, tó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ṣe ìdánwò àbáwọlé kó tó bọ́ sí i, ló nawọ́ sókè. Ó ní, "Àwọn wo ló jẹ wọ́n ní gbèsè?" Ó wà nínú ìwé lóòótọ́: àwọn oníbàárà ń lo 90 ọjọ́ kí wọ́n tó sanwó, àwọn tó ń kó ọjà fún wọn sì ń gba tiwọn láàárín 30. Mo ti rí nọ́ńbà méjèèjì. N ò kàn bi wọ́n léèrè nǹkan kan ni.

N ò bínú sí GMAT ṣá. Kó lè sọ bí èsì ọdún àkọ́kọ́ ẹni ṣe máa rí ni wọ́n ṣe ṣe é, bó sì ṣe sọ ọ́ fún mi náà ló rí.

Ìyá Bàdágìrì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Third class ni mo fi jáde ní yunifásítì. Ta ni ì bá wo fọ́ọ̀mù mi lẹ́ẹ̀mejì bí kì í bá ṣe máàkì yẹn? Ọdún márùn-ún ló fi ń wúlò. Mo bímọ méjì láàárín ẹ̀, oṣù díẹ̀ ló kù kó bàjẹ́ kí n tó lò ó. Àǹtí ẹlẹ́ja yẹn ńkọ́, ṣé ó yege sítátísíìkì?

Ọmọ Ìkòròdú:
Ó tún un ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ, ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà ní ìsọ̀ ẹ̀. Pánlá ló fi ń san án fún mi.