Ayẹyẹ ọdún kẹwàá iléeṣẹ́ wa, owó ò tó: họ́ọ̀lù wo ló rọjú ní Island?

Olùbéèrè, Ìlúpéjú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Èmi ni wọ́n gbé ètò ayẹyẹ ọdún kẹwàá iléeṣẹ́ wa lé lọ́wọ́, ₦3,000,000 péré ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀gá wa ní Victoria Island dandan, pé a ò gbọdọ̀ ṣe é bí ìnáwó àdúgbò. Wọ́n fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa, wọ́n fẹ́ ògiri òdòdó táwọn èèyàn á ti máa ya fọ́tò, wọ́n fẹ́ kéèkì alájà mẹ́ta. Akọ̀wé owó wa kì í dá mi lóhùn. Bí mo bá wọlé tọ̀ ọ́ lọ, á ní kí n kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan ti bu ju ìdajì owó náà lọ fún mi. Bó bá bàjẹ́, orí mi ni wọ́n máa dà á lé. Ẹ jọ̀ọ́, họ́ọ̀lù wo ló rọjú ní Island?

Aṣètò Ìkẹjà:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. O dárúkọ kéèkì, o dárúkọ kápẹ́ẹ̀tì, o ò dárúkọ iye èèyàn. Èèyàn mélòó? Ọjọ́ wo? Aago mélòó? Ṣé VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà àti iṣẹ́, wà nínú ₦3,000,000 yẹn? 7.5% ni. Bí gbogbo ẹni tó o bá gbéṣẹ́ fún bá fi í sórí ìwé owó wọn, nǹkan bíi ₦2,790,000 ló kù tí wàá ná. Nínú ìyẹn náà, yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́, má fọwọ́ kàn án títí di àárọ̀ ọjọ́ náà.

Alásè Súrùlérè:
Iye èèyàn ni ìdí ọ̀rọ̀. Ká ní èèyàn 120 ni: ìdajì àpò ìrẹsì, ìyẹn 25kg, á tó, bí mọ́ínmọ́ín bá tẹ̀ lé e. Páálí adìẹ 10kg, bí ẹ bá gé e ní 250g, ẹyọ 40 ni. Páálí mẹ́ta á kárí àlejò, ẹ ra ìkẹrin fáwọn dírẹ́bà, onílù àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, torí àwọn wọ̀nyí lẹ máa ń gbàgbé. Omi 50cl, ká ní ogún ìgò ló wà nínú páàkì kan. Ìgò méjì fẹ́nì kan, páàkì 12.

Ẹ má jẹ́ kí àlejò máa fọwọ́ ara wọn bu ẹran o. Àwọn 40 tó bá kọ́kọ́ dìde á kó o tán. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó di ṣíbí ẹran mú, kó máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sáwo. Bí wọ́n bá sì ń di ìrẹsì gbígbóná sí kúlà, kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun mímọ́ sábẹ́ ìdérí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi ooru á máa kán padà sórí rẹ̀, òkè rẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Aṣètò Ìkẹjà:
Ma, ẹ jẹ́ kó di oúnjẹ náà sí páàkì kó rọrùn láti kà.

Alásè Súrùlérè:
Páàkì 120 tí wọ́n dì láago mẹ́wàá, tí wọ́n jẹ láago mẹ́ta? Á ti tutù, mọ́ínmọ́ín á sì ti fẹ́ kan. Mi ò gbà.

Onímáìkì Mùṣín:
Kó o tó béèrè iye họ́ọ̀lù, béèrè iná. Wákàtí mélòó ni jẹnẹrétọ̀ wà nínú owó yẹn? Ta ló ń ra dísẹ̀lì bó bá kọjá bẹ́ẹ̀? Bí NẸ́PÀ bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ń gbà á, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n projector á kú. Gílóòbù inú rẹ̀ tó ti gbóná gbọ́dọ̀ tutù kó tó lè tàn padà, ọ̀gá yín á sì wà lórí ìdúró níwájú ògiri funfun. Fi UPS, bátìrì tó ń gbé iná dúró bí iná bá lọ, sábẹ́ projector àti míkísà tó ń darí ohùn, tàbí kẹ́ ẹ lo jẹnẹrétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé ìparí. Bátìrì tuntun ni kó wà nínú máìkì tí kò ní wáyà, kí ọ̀kan tó ní wáyà sì wà nílẹ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. 120 ni wọ́n, àwọn oníbàárà wa tó ń ta ọjà ní Ìdúmọ̀tà àti Mùṣín. Sátidé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá ló mú ọjọ́ náà, mi ò lè bá wọn jiyàn. Kéèkì náà ò ṣe é yọ, ìyàwó wọn ló ń bá wa ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bùté Mẹ́ta:
Ọjọ́ òwàm̀bẹ̀ lo mú yẹn, àbúrò! Sátidé ni họ́ọ̀lù wọ́n jù, òun náà ni DJ àti alásè ò ráyè. Ẹni tó ń ta ọjà á ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ pẹ̀lú ìyà ọjọ́, o tún fẹ́ kó ti Mùṣín gba Third Mainland lọ sí VI? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Ìdúmọ̀tà kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mú Sọ́ńdè, aago méjì ọ̀sán, ní Mainland. Ará Ìdúmọ̀tà á gba Eko Bridge, ará Mùṣín ò ní kọjá omi rárá.

Aṣètò Ìkẹjà:
Òótọ́ ni. Wọ́n tún máa ń gba owó ìdógò fún họ́ọ̀lù o, tí wọ́n ń dá padà bí nǹkan ò bá bàjẹ́. Ya fọ́tò gbogbo àga àti ògiri kí ẹ tó kó ẹrù wọlé. Ṣé owó náà ti wà lọ́wọ́ rẹ?

Olùbéèrè:
Ìyẹn gan-an ni mi ò tíì sọ. ₦1,200,000 ni wọ́n máa fún mi ṣáájú. Ìyókù, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ayẹyẹ, báyìí niléeṣẹ́ wa ṣe ń sanwó.

Onímáìkì Mùṣín:
Haà! Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Aṣètò Ìkẹjà:
Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Onihọ́ọ̀lù á gba gbogbo owó rẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn. Alásè gbọ́dọ̀ rí owó ọjà. Àwọn onímáìkì àti ọlọ́ṣọ̀ọ́ ló lè gba ìdajì, bí o bá fún wọn ní LPO, ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń gbéṣẹ́ fúnni, tí ọ̀gá fọwọ́ sí, tí ọjọ́ tí wọ́n máa gbowó wà nínú rẹ̀. ₦1,200,000 ò lè kó họ́ọ̀lù VI àti ọjà alásè pọ̀. Níbo lẹ ti ń ṣe ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́?

Olùbéèrè:
Òkè ilé wa níbí, ní Ìlúpéjú. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, àga 150 sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní VI.

Aṣètò Ìkẹjà:
Ibẹ̀ lè di họ́ọ̀lù yín. Mú tépù lọ wọn ibẹ̀ lónìí. Tábìlì róbótó elééyàn mẹ́wàá, pẹ̀lú àga àti ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 10 lóròó ló ń gbà. Tábìlì 12 ni èèyàn 120: ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 40. Fi ẹsẹ̀ bàtà 8 kún un níwájú fún ọlọ́rọ̀ àti oúnjẹ. Ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ka ilẹ̀kùn àbájáde. Kọ iye owó ibi méjèèjì sórí ìwé kan, VI lápá òsì, òkè ilé yín lápá ọ̀tún, kí o gbé e fún ọ̀gá fúnra rẹ, má gbé e fún akọ̀wé owó.

Olùbéèrè:
Ẹsẹ̀ bàtà 35 sí 52 ni òkè náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì péré ló wà lókè.

Alásè Súrùlérè:
Ààyè yẹn gbà yín, ṣùgbọ́n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì ò tó èèyàn 120. Ẹ ṣí ti ìsàlẹ̀ náà, kẹ́ ẹ lẹ ìwé atọ́ka mọ́ àtẹ̀gùn.