Ọmọ mi ní Tourette, tíṣà ń nà án: báwo ni kí n ṣe bá iléèwé sọ ọ́?

Ìyá Kọ́lá, Ìkòròdú
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kọ́lá ti pé ọdún 11, JSS 1 ló wà. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti ń ṣẹ́jú léraléra, ọrùn rẹ̀ á ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tún máa hún bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Dókítà ní Tourette ni, àìsàn tó ń mú kí ara àti ohùn èèyàn máa ṣe nǹkan láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tíṣà kan ní ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá nà án lójú gbogbo kíláàsì. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń ṣe é, ká gbé e lọ sórí òkè. Mo fẹ́ rí ọ̀gá iléèwé, àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́.

Bàbá Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹ má fojú di ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín o. Òyìnbó ò mọ gbogbo nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Sábó
Ẹ má bínú, Bàbá. Àdúrà dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni. Kì í ṣe wárápá, kì í sì í ràn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 7, á le jù ní nǹkan bí ọdún 10 sí 12, á sì máa rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ìyá Kọ́lá, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà dání. Ẹ tún bi wọ́n nípa ìtọ́jú tí kì í ṣe oògùn, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti mọ̀ tí ìṣe náà bá ti fẹ́ dé, kó fi ìṣe mìíràn dí i. Ẹ̀ka àwọn ọmọdé ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Yàbá wà ní Òṣòdì.

Bọ̀dá Ìgbógbó
Èmi náà ní i, mà. Àwọn èèyàn á ní "ṣé o ò lè mú un mọ́ra ni?" Mo lè mú un mọ́ra díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sín tó ń mú un mọ́ra, ṣùgbọ́n á jáde dandan. Ìbẹ̀rù pàṣán gan-an ló ń jẹ́ kó pọ̀ sí i. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, tíṣà wa jẹ́ kí n ṣàlàyé fún kíláàsì fúnra mi. Àwọn tó ń sín mi jẹ tẹ́lẹ̀ ló wá ń gbèjà mi. Ẹ bi Kọ́lá bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fipá mú un. Àti pé èyí tí ẹ ń rí lórí fóònù, tí wọ́n ń bú èébú, díẹ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀!

Tíṣà Odogùnyán
Ẹ má bá ìjà wọlé. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà, kó lè jáde síta díẹ̀ tó bá le, kí wọ́n sì fún un láyè ọ̀tọ̀ nígbà ìdánwò. Tí wọ́n bá kọ̀, òfin ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara ti wà láti 2011, LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, ló sì ń mójú tó o. Àmọ́ ọ̀gá iléèwé tí ẹ bá fi òfin kí káàárọ̀ ò ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Ìyá Kọ́lá, Ìkòròdú
Ẹ ṣé gan-an. Kọ́lá ní òun á sọ ọ́, àmọ́ kí Bọ̀dá Ìgbógbó wà níbẹ̀.

Bọ̀dá Ìgbógbó
Mò ń bọ̀, mà. Ẹ sọ ọjọ́ fún mi.

Màmá Ìbejì, Agric
Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi náà ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ṣé mo lè bá yín lọ?

Nọ́ọ̀sì Sábó
Ẹ bá wọn lọ, Màmá Ìbejì. Àmọ́ kó tó di Tourette, ó ní láti ju ọdún kan lọ, kí ìró sì wà pẹ̀lú ìṣe ara. Ẹ mú un lọ fi han dókítà ná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án.