Àlàáfíà ẹran ọ̀sìn ni, kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan tó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kọ àkọlé àti àkótán iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Ó ń wádìí bí ẹ̀rọ díjítà tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn àti ẹsẹ̀ màálù ṣe kan ohun tí òyìnbó ń pè ní animal welfare. Ẹ̀gbọ́n wa ní kó kọ "ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn". Ẹlòmíràn ní "ìgbáyé-gbádùn". "Àlàáfíà" lèmi fara mọ́, torí bí a bá ṣi orúkọ yìí pè, ìbéèrè tí ìwádìí náà dá lé á yí padà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ti rinlẹ̀. Ní 1964, Ruth Harrison tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe ń há ẹran mọ́lé nínú oko ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo ta, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Rogers Brambell sì jẹ́ alága rẹ̀. Ní 1965 wọ́n jábọ̀ pé ó kéré tán, ẹran gbọ́dọ̀ lè dìde, kó lè dùbúlẹ̀, kó lè yí ara padà, kó lè tún ara rẹ̀ ṣe, kó sì lè na ẹsẹ̀. Nígbà tó di 1979, ìgbìmọ̀ mìíràn sọ ọ́ di òmìnira márùn-ún: kí ebi àti òùngbẹ má ṣe pa á, kí ara má ni ín, kó bọ́ lọ́wọ́ ìrora, ọgbẹ́ àti àìsàn, kó lè máa hùwà bí irú ẹran tó jẹ́, kó má sì gbé nínú ìbẹ̀rù. Ipò tí ẹran fúnra rẹ̀ wà ni gbogbo wọn ń sọ. Níbi tí wọ́n ti dárúkọ ohun tí olówó ẹran gbọ́dọ̀ ṣe, bíi kó pèsè omi mímọ́, ọ̀nà àtidé ipò yẹn ni wọ́n kà á sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ olówó ẹran sì ni ìtọ́jú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn, ẹ ó rí i. Bí mo bá ní "màálù yìí wà lábẹ́ ìtọ́jú", ẹ ó bi mí pé kí ló ń ṣe é. Ìgbáyé-gbádùn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn ni, ó sì bá ọ̀rọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ mu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn pé ṣé ìgbáyé-gbádùn lo wà. "Ṣé àlàáfíà ni?" là ń béèrè, ìdáhùn rẹ̀ sì kó ara, ọkàn àti ibùgbé pọ̀. "Màálù yìí ò sí ní àlàáfíà" dún geere létí ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan sọ pé bí "àlàáfíà" àti "màálù" bá pàdé nínú àkọlé kan, èrò ará ilé á lọ sórí aáwọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran. Òótọ́ ni, pàápàá fún ẹni tó bá wà ní Ìbàràpá tàbí Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n "àlàáfíà láàárín" èèyàn méjì nìyẹn. "Àlàáfíà màálù" ò ní "láàárín" nínú, gbólóhùn kejì nínú àkótán náà á sì ti là á yé òǹkàwé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ afúnwàrà adáṣiṣẹ́ ṣàlàyé, èyí tó kọ́kọ́ wọ oko ní Netherlands ní 1992. Màálù fúnra rẹ̀ ló ń rìn wọ inú àpótí ẹ̀rọ náà, oúnjẹ ló ń fà á. Ẹ̀rọ á ka nọ́ńbà ọrùn rẹ̀. Bí kò bá tíì tó àsìkò, ilẹ̀kùn á ṣí, á kọjá lọ. Bó bá tó, apá irin kan á nà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á fọ orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná lésà á wá wọn kàn, ife á sì so mọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wàrà orí ọmú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́tọ̀: bí iyọ̀ inú ti ọ̀kan bá lé sí i, iná mànàmáná á máa gba inú rẹ̀ kọjá ju ti àwọn yòókù lọ, àmì sì nìyẹn pé ó ṣeé ṣe kí ọmú ọ̀hún ti fẹ́ máa wú. Ìtọ́jú tó dáa ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Àmọ́ nínú agbo, màálù ní àgbà, wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń tì sẹ́yìn. Èyí tí kò lágbára á dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ, nígbà mìíràn ó di òru kó tó ráyè wọlé. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, wọ́n ti fún un, wàrà rẹ̀ pé, kò sí àìsàn. Bí a bá pè é ní ìtọ́jú, màálù yẹn ti rí tirẹ̀ gbà. Bí a bá pè é ní àlàáfíà, ó kù ká béèrè bó ṣe ń rí lára rẹ̀ ní gbogbo wákàtí tó fi dúró. Ìbéèrè tí àbúrò wa ń lọ sí yunifásítì fún nìyẹn.

Nítorí náà, mi ò gba "ẹ̀rọ olùṣọ́" tí ẹnìkan dá fún ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn màálù. Olùṣọ́ a máa dìde sí ewu. Ohun yẹn ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka àsìkò ìdùbúlẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù, ó tán. "Ẹ̀rọ aṣàkíyèsí" tó o.

Bákan náà, kí a má dá ọ̀rọ̀ tuntun fún bí màálù ṣe ń pọ oúnjẹ tó tún ń jẹ ẹ́. Àpọ̀jẹ ni, ó wà nínú Bíbélì, Léfítíkù orí 11, níbi tí wọ́n ti ka ẹran tó ṣeé jẹ. Ó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí, torí bí àsìkò àpọ̀jẹ bá já wálẹ̀, ẹ̀rọ a máa tètè fura pé nǹkan ń ṣe ẹran kí ojú èèyàn tó rí i. "Díjítà" ni kó wà bẹ́ẹ̀. "Oníka" tí wọ́n fà yọ látinú ìka ọwọ́ ò lè yé ẹnikẹ́ni.

Ó ku "màálù oníwàrà". Létí wa nílé, oníwàrà ni obìnrin Fúlàní tó fi bomubomu mú wàrà dì, tó gbé e wá sọ́jà, nítorí náà màálù oníwàrà á dún bíi màálù tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ gbalaja: màálù tí à ń fún wàrà.

Àkọlé tí mo fi síwájú yín nìyí: "Ipa ẹ̀rọ díjítà lórí àlàáfíà màálù tí à ń fún wàrà". Kí ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ìtọ́jú" jọ̀wọ́ sọ fún wa, bó bá ṣì dúró lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ni a ó fi pe ipò màálù tó ń dúró di òru yẹn.